Bí Ẹ Ṣe Lè Tẹ́ Ẹrù Kan Síwájú Olúwa fún Àárọ̀ Mẹ́rìnlá

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Owó ilé pé, tàbí ara ọmọ kò yá, tàbí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó ń gbàdúrà ìṣẹ́jú méjì tẹ́lẹ̀ á kéde ààwẹ̀ ọjọ́ 21 fún ara rẹ̀, á fi ìsọ́ òru kún un, á tún ra ìwé àdúrà tuntun. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, ara á kọ̀. Ojú á wá máa tì í láti padà síwájú Ọlọ́run. Á pa Bíbélì dé, ìṣòro á sì jókòó síbi tó wà, okun díẹ̀ tó kù lára á ti lọ.

Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún kan, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹ wá ní owó oṣù márùn-ún. Mo gbààwẹ̀ dé ọjọ́ karùn-ún, mo sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀, mo sì jí pẹ̀lú ìbínú. Ó tó oṣù méjì kí n tó tún ṣí Bíbélì. Ohun tó gbé mi dìde kì í ṣe ààwẹ̀ tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìṣẹ́jú 15 ni, láràárọ̀, lórí ẹrù kan ṣoṣo. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. N kò ṣèlérí pé ìṣòro yín á ti lọ tó bá fi di ọjọ́ kẹrìnlá. Ohun tí à ń wá ni okun láti jáde lọ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ láì jẹ́ kí ẹrù náà tẹ̀ wá mọ́lẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Bíbélì tí ẹ lè kà jáde lẹ́nu láì kọsẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Yorùbá ló wọ̀ yín lára, ẹ lo ti Yorùbá. Èdè tí ẹ fi ń sunkún ni kí ẹ fi gbàdúrà.
- Ìwé kékeré kan àti bíírò. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni Bíbélì yín wà, ẹ pa dátà kí ẹ tó ṣí i.
- Ìjókòó kan tí ẹnikẹ́ni kò ní bá yín dù fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó.
- Orúkọ ẹnì kan tó lè pa ẹnu mọ́. Ìpele 6 ni a óò ti lò ó, ṣùgbọ́n ẹ ti máa ronú sí i.

Bí ìjọ yín bá ń lo àbẹ́là tàbí omi àdúrà, n kò bá yín jà. Iṣẹ́ yìí kàn ń lọ láìsí wọn ni, nítorí náà ẹ má ṣe sún ìbẹ̀rẹ̀ síwájú torí pé ẹ kò tíì rí wọn rà.

Ìpele 1: Ẹ yan àsìkò tí ẹ lè pa mọ́

Máàkù 1:35 sọ pé Jésù dìde nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, ó lọ síbi tí kò séèyàn, ó sì gbàdúrà níbẹ̀. Àárọ̀ dára, torí pé ẹrù náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ni létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ dánfó ní aago márùn-ún kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó mú un kò gbọdọ̀ fi aago mẹ́rin dá ara rẹ̀ lóró. Ẹ lè ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó gbé ọjà síta. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù lè ṣe é nígbà tó bá wọlé, kó tó sùn. Àárọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, bóyá lẹ́yìn ìwẹ̀ kí ẹ tó jẹun.

Ẹ ṣọ́ra: ìtara ọjọ́ àkọ́kọ́ á fẹ́ sọ ìṣẹ́jú 15 di wákàtí kan. Ẹ má gbà fún un. Bí àsìkò bá pé, ẹ dìde, kódà bí àdúrà bá ń dùn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ rẹ̀ kù sílẹ̀ de ọ̀la.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní àárọ̀ kẹta, ṣé ibi kan náà ni ẹ jókòó sí, lásìkò kan náà, láì jẹ́ pé iṣẹ́ kan fara gbá a? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sún àsìkò náà. Ẹ má ṣe fà á gùn.

Ìpele 2: Ẹ kọ ẹrù náà sílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo

Nígbà tí lẹ́tà ìhàlẹ̀ Senakéríbù, ọba Ásíríà, tẹ Hesekáyà lọ́wọ́, ó kà á, ó gòkè lọ sí ilé Olúwa, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Olúwa (2 Àwọn Ọba 19:14). Ìwé náà gan-an ló tẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí onílé bá ti fún yín ní ìwé pé kí ẹ kó jáde, ẹ gbé e wá. Bó bá jẹ́ ìwé owó iléèwé ni, tàbí káàdì ọsibítù, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tàbí orí ẹní. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan sójú ewé àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ́, iye tó jẹ́ tàbí ẹni tó kàn, àti ọjọ́ tó ń bọ̀ wá bá yín.

“Olúwa, ṣàánú fún ìdílé mi” kì í ṣe irú gbólóhùn tí mò ń sọ. Àdúrà tó dára ni, ṣùgbọ́n èèyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Irú èyí tí mo ní lọ́kàn rèé: “Owó ilé wa ku ₦180,000, ọjọ́ 12 oṣù tó ń bọ̀ ni onílé dá fún wa, n kò sì tíì lè sọ fún ọkọ mi pé mo ti ná lára èyí tó fún mi.” Ẹ wo apá ìparí yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹrù náà ti wúwo jù, gbólóhùn gbogbogbòò kò sì lè dé ibẹ̀ láé.

Níbí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. A máa ń kọ ọ̀tá dípò ẹrù. Ẹnì kan pàdánù iṣẹ́, ó kọ “àwọn ará ilé bàbá mi” sílẹ̀. Ọmọ kan fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ìyá rẹ̀ kọ orúkọ orogún. Mo ti rí ilé tó tú nítorí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò bára wọn jẹun mọ́ títí ọ̀kan fi kú. Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ kọ: iṣẹ́ bọ́, ọmọ fìdí rẹmi. Èyí tí ẹ kò rí, Ọlọ́run rí i, kò dìgbà tí ẹ bá fura fún un.

Èkejì, ẹ má kọ ẹrù mẹ́fà. Mo mọ̀ pé wọ́n pé mẹ́fà. Ẹ mú èyí tó ń jí yín lóru. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì kan àṣírí ẹlòmíì, ẹ fi ìwé náà pamọ́ síbi tí ọmọ kò ti ní fi ṣeré.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ bá ka gbólóhùn yẹn sí ọmọ ọdún mẹ́wàá létí, ṣé á yé e ohun tó ń dùn yín?

Ìpele 3: Ẹ fi Sáàmù sunkún síwájú Ọlọ́run

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Sáàmù 23 àti 121 lórí, a sì ń lò wọ́n bí ẹni tó ń fi aṣọ funfun bo ọgbẹ́. A óò dé 121, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, Sáàmù 13. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Nínú ẹsẹ 1 àti 2, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹsẹ 3 àti 4 ni ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tó di ẹsẹ 5 ló tó sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Rẹ̀. Ẹ kà á jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kọ́kọ́ kà á bó ṣe wà. Lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹ bá ti parí ẹsẹ 2, ẹ dúró, ẹ ka gbólóhùn tí ẹ kọ ní Ìpele 2 sáàárín rẹ̀, kí ẹ tó máa bá ẹsẹ 3 lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kà á jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Bí omijé bá bọ́, ẹ jẹ́ kó bọ́.

Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ wa pé ẹni tó bá ń sunkún kò nígbàgbọ́. Irọ́ ni. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù. Ní Gẹtisémánì, Ó gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta, Mátíù 26:44 sì sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Ó tún sọ. Bí àdúrà yín bá ń jọ ara wọn láràárọ̀, ẹ kò ṣẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà, ẹ ka Sáàmù 42 àti 43 pọ̀. Ẹ máa rí ìbéèrè kan tó padà wá lẹ́ẹ̀mẹta: èéṣe tí ìwọ fi rẹ̀wẹ̀sì, ọkàn mi? Akọrin náà kò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọkàn ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ẹ pe orúkọ ara yín níbẹ̀, orúkọ tí ìyá yín ń pè yín gan-an, kí ẹ bi í ní ìbéèrè náà. Ẹ má yára dáhùn.

Ọjọ́ keje, Sáàmù 88. Ó le. Inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí ẹsẹ ìdùnnú kankan níparí. Síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì, “Ọlọ́run ìgbàlà mi” sì ni ẹni tó kọ ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti inú òkùnkùn náà. Bí ọjọ́ yẹn bá wúwo jù fún yín, ẹ kà á pẹ̀lú ẹni tí ẹ yàn.

Lẹ́yìn ìyẹn: Sáàmù 62 fún ọjọ́ mẹ́ta, 130 fún ọjọ́ méjì, 121 fún ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn. Nínú 130, ẹ fi ara balẹ̀ síbi tó ti sọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣọ́nà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ti jókòó ti aláìsàn lóru mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, fífo ẹsẹ 1 sí 4 nínú Sáàmù 13 kí ẹ lè tètè dé ìyìn. Ìyìn tí a fò débẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ lẹ́nu. Ìkejì, Sáàmù 35 àti 109, àwọn tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá ọ̀tá jà. Inú Bíbélì ni wọ́n wà, Ọlọ́run ni wọ́n sì gbé ẹjọ́ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi orúkọ aládùúgbò tàbí ìyá ọkọ sínú wọn, a ti gba ẹjọ́ náà padà lọ́wọ́ Rẹ̀ nìyẹn. Fún àárọ̀ 14 yìí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ ti sọ ohun kan fún Ọlọ́run láàárọ̀ yìí tí ẹ kò tíì lè sọ fún èèyàn? Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ìpele yìí ti ṣiṣẹ́, yálà ara fúyẹ́ tàbí kò fúyẹ́.

Ìpele 4: Ẹ jẹun, ẹ sùn

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èlíjà sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun (1 Àwọn Ọba 19). Áńgẹ́lì tó wá kò wàásù fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun. Àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹyín iná àti omi wà níbi orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ló tún ní kó jẹ, nítorí pé ọ̀nà náà jìn. Okun oúnjẹ yẹn ló fi rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nítorí náà, láàárín ọjọ́ 14 yìí, ẹ má ṣe gbààwẹ̀ láti fi ká Ọlọ́run lápá kò. Bí ìjọ yín bá wà nínú ààwẹ̀ gbogbogbòò, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ìtọ̀ ṣúgà, aboyún àti ìyá ọlọ́mú gbọ́dọ̀ bi dókítà kí wọ́n tó dara pọ̀. Oògùn tí dókítà ní kí ẹ máa lò, ẹ má dá a dúró nítorí ìgbàgbọ́, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Bó bá sì jẹ́ pé ohun tí Èlíjà tọrọ ló ń wá sí yín lọ́kàn, pé ikú yá jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ó bá yín dé ọsibítù, kí ó má sì fi ẹ̀yin nìkan sílẹ̀. Wòlíì ńlá ló sọ ọ́ ṣáájú yín, Ọlọ́run kò sì lé e dànù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ni ẹ jẹ lánàá, wákàtí mélòó sì ni ẹ sùn? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá tẹ̀ léra tí ìdáhùn kò dára, ẹ tún oúnjẹ àti oorun ṣe kí ẹ tó lọ sí ìpele tó kàn.

Ìpele 5: Ẹ mú ohun kan ṣe kí oòrùn tó wọ̀

Opó inú 2 Àwọn Ọba 4 jẹ gbèsè, olówó sì fẹ́ wá kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Èlíṣà bi í pé kí ló ní nínú ilé. Ìṣà òróró kan ló ní. Èlíṣà ní kó yá ohun èlò lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kó má yá díẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn, kó máa da òróró náà sínú wọn. Gbogbo wọn ló kún. Nígbà tó padà wá ròyìn, Èlíṣà ní kó lọ tà á, kó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ sì máa fi èyí tó kù gbọ́ bùkátà.

Lẹ́yìn Sáàmù, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè Èlíṣà: kí ló wà nílé? Ẹ wá kọ ohun kan tí ẹ lè ṣe lónìí. Ẹ pe onílé fúnra yín, dípò kí ẹ máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹ lọ bi ọ̀gá iléèwé bóyá ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bẹ olórí àjọ pé kó jẹ́ kí ẹ gba tiyín ṣáájú. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti ń sún síwájú.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí wà níbí, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn: ẹ má fi owó ilé tàbí owó oògùn gbin irúgbìn ọrẹ ní ìjọ torí kí ìṣòro lè yanjú. Ẹ tún ìtàn opó yẹn kà. Wòlíì kò ní kó gbé òróró wá fún òun. Ó ní kó tà á, kó fi san gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ fún Ọlọ́run ní ọrẹ, kó fún Un látinú ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Owó ilé jẹ́ ti onílé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ohun tí ẹ kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin? “Máa wá iṣẹ́” kò ní òpin. “Gbé ìwé ẹ̀rí mi lọ sí ibi méjì kí aago méjì tó lù” ní òpin.

Ìpele 6: Ẹ wá ẹni tó máa bá yín gbé apá sókè

Nígbà tí Ísírẹ́lì ń bá Ámálékì jà, bí Mósè bá gbé apá sókè, Ísírẹ́lì á máa borí, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ wúwo. Áárónì àti Húrì dì í mú, ọ̀kan lápá kan, èkejì lápá kejì, títí oòrùn fi wọ̀ (Ẹ́kísódù 17:12). Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ti kọ́kọ́ gbé òkúta wá fún un láti jókòó. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ náà ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ẹ wá ẹnì kan péré. Kò pọn dandan kó jẹ́ pásítọ̀. Ẹ ronú kan ẹni tó mọ àṣírí ẹlòmíì tí kò sì sọ ọ́ fún yín rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má gbé e lọ sórí ẹgbẹ́ àdúrà WhatsApp tó ní igba èèyàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà á ti dé ìlú tí ẹ kò dé rí.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nígbà tèmi rèé, fún ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa:

“Ẹ kúùrọ̀ mà. N kò wá yá owó o. Ẹrù kan ló wà lọ́rùn mi, ohun tó jẹ́ sì rèé. Mo fẹ́ kí ẹ máa bá mi dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run fún ọjọ́ 14, kí ẹ sì máa bi mí lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta pé báwo ni.”

“Ó dáa, ọmọ mi. O ti jẹun?”

Ẹ tètè sọ pé ẹ kò wá yá owó, bí ẹ kò bá wá yá a lóòótọ́. Ọkàn ẹni náà á balẹ̀ láti gbọ́ yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹni náà ti bi yín léèrè láì jẹ́ pé ẹ rán an létí? Bí ọjọ́ mẹ́fà bá kọjá tí kò bi yín, ẹ má bínú sí i. Ẹ wá ẹlòmíì.

Ìpele 7: Ìlà mẹ́ta lálẹ́

Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ìlà mẹ́ta: ohun tó dé lónìí, ohun tí mo ṣe, ohun tó kù. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹkún Jeremáyà 3:22 àti 23 sọ pé àánú Olúwa ń di tuntun ní òròòwúrọ̀, ìlú tó ti dahoro ni ẹni tó kọ ọ́ ń wò. Bí ẹ kò bá kọ ohun tó dé sílẹ̀, ẹ óò gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ má ṣe padà sí ọjọ́ kìíní, ẹ má sì ka Sáàmù méjì láti fi san án. Ẹ máa bá a lọ láti ibi tí ẹ dé.

Àárọ̀ kẹrìnlá

Lẹ́yìn Sáàmù 121, ẹ ka gbogbo ìwé náà láti ewé àkọ́kọ́. Ẹ wá dáhùn: ohun mélòó nínú èyí tí mo kọ ni mo ṣe? Òru mélòó ni mo sùn? Ta ló mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹrù yẹn ṣì ga tó bó ṣe ga ní ọjọ́ kìíní, àbí èmi ni mo ti dìde?

Bí ìṣòro bá ṣì wà, kì í ṣe pé ẹ gbàdúrà náà kò dáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nítorí ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀, ìdáhùn tó sì gbà ni pé oore-ọ̀fẹ́ Òun tó fún un (2 Kọ́ríńtì 12:8 àti 9). Ẹ tún gbólóhùn Ìpele 2 kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe wà báyìí, torí iye tàbí ọjọ́ inú rẹ̀ lè ti yí padà, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti Sáàmù 13.

Ìwé tèmi ti ọdún yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, wọn kò tíì san kọ́bọ̀ nínú owó oṣù wa. Ohun tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé: “Màámi mú ẹ̀wà wá. Mo san ìdajì owó iléèwé Kẹ́hìndé. Ó ku ìdajì.” Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo kọ Sáàmù 13 sílẹ̀ de àárọ̀ ọjọ́ kejì.